Ìbínú Tí Wọ́n Gbé Jáde

Rárá o, Alága, ẹ má tíì bẹ̀ mí, ẹ gbé páálí móòtì yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbé e sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ ṣáà fẹ́ràn kí ẹ máa gbé nǹkan, ẹ wá jókòó sórí àga oníbàárà mi, ẹ ti aṣọ iléèwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má jókòó lé abẹ́rẹ́. Wọ́n ní mo bínú jáde nípàdé? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ẹni náà wá wí i lójú mi. Èmi Nímọ́tà Adéyanjú, ìyá Hàlímàt, mo fi Ọlọ́run Ọba búra fún yín, mi ò bínú jáde. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Mo fẹ́ bínú jáde, wọn ò jẹ́ kí n bínú jáde. Wọ́n gbé mi!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín yín dáadáa, ẹ̀yin tí báńkì rán lọ sí Èkó, tí ẹ wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù, tí ojú yín ò tó o. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí ìwé kí ẹ tó lọ pé kí n kọ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, ráǹpù tí gbogbo ayé ń pè é, kí kẹ̀kẹ́ tí mo jókòó lé yìí lè máa gbà á wọlé. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ fún àwọn ọmọlúàbí yín.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Diobu yìí. Àtẹ̀gùn méje ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn, ìkẹrin ti ya, mo mọ gbogbo wọn bí mo ṣe mọ orúkọ ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, apá mi méjèèjì yìí ni mo fi ń ránṣọ, òun náà ni mo fi ń wa kẹ̀kẹ́ mi lọ síbi tó bá wù mí ní Mile One. Mo ń dá lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo dá lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, mo dá wọlé, mo bá wọn jà níbẹ̀, mo dá jáde. Ibì kan ṣoṣo tí mi ò lè dá wọ̀ ni ibi ìpàdé àwọn ará ilé mi.

Ká má purọ́, wọn kì í fi ìkà gbé mi. Ìwà ọmọlúàbí ló ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò lè rí àgbà tó ń laágùn kí wọ́n dúró máa wò ó, ìyá tó bí wọn ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéwọlé tí ẹ fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń gbé mi, àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ yàn án, iṣẹ́ Trans-Amadi ti wọ̀ ọ́ lára jù. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ló ń darí níbẹ̀, èyí tó ń gbé páìpù ńláńlá, ohun tó bá já lu èèyàn, ó tán. Níbi iṣẹ́ wọn, wọn kì í gbé ìṣó láìkọ́kọ́ ṣèpàdé ààbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, páìpù ni. Èmi ńkọ́? Tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Adéwọlé á fun fèrè, ọkùnrin mẹ́fà á jáde pẹ̀lú akoto lórí àti ẹ̀wù tó ń dán yinrin, á kó wọn yí mi ká, á ní, "Ẹrù òní wúwo díẹ̀, ó sì ń mira." Èmi ni ẹrù! Mo ń mira torí pé ẹ̀fọn ń jẹ mí! Ó bi mí ní ìwọ̀n mi níwájú gbogbo ìyàwó ilé, mo ní kó lọ bi ìyá ẹ̀, ni ó bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé, ìwọ̀n ẹrù, a ò mọ̀.

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ọdún mẹ́tàlá. Ẹ wá ní kí ló dé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fẹ́ ráǹpù. Ẹ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó dìde lójú ìpàdé, ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti ilé, kí wọ́n máa gbé mi sẹ́yìn pátápátá, torí kẹ̀kẹ́ mi ń ba fọ́tò jẹ́. Kẹ̀kẹ́ mi ń ba fọ́tò jẹ́, òun tó ní irú ojú yẹn! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Ẹlòmíì á gbọn ìdí aṣọ ẹ̀ nù, á rìn jáde, ilé á dàrú, wọ́n á sáré tẹ̀lé e, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ lójú títì. Èmi yíjú wẹ̀yìn, àwọn tó ń gbé mi ń jẹ ìrẹsì. Adéwọlé ní, Mọ́mì, ẹ dúró díẹ̀, a kì í gbé ẹrù pẹ̀lú ọwọ́ tó ní epo, òfin ààbò ni. Ni mo bá jókòó ti èébú mi. Èmi àti ẹni tó bú mi, a ń wo ara wa, títí wọ́n fi jẹun tán, tí wọ́n fọwọ́, tí wọ́n tún nu ọwọ́. Wákàtí kan ààbọ̀! Ọkùnrin náà tiẹ̀ ní kí n fún òun ní omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì gbé e fún un, Alága, mo gbé omi fún un. Mo délé, mo sunkún. Ẹni tí kò bá lè bínú jáde kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, dúkìá ẹgbẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pe Augustine, bíríkìlà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi níbí, ọmọ Ikwerre, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n jókòó sínú kẹ̀kẹ́, kí n wà á lọ, kí n wà á bọ̀, ó ń wo apá mi. Ó wá ní, "Madam, na you go drive am, so na your hand I go measure." Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Láti ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti ń béèrè ìwọ̀n ìdí mi, òun lẹni àkọ́kọ́ tó wọn ọwọ́ mi. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ ọ, kò ga jù, kò yọ̀, ó ri irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí mo lè dì mú.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo wé gèlè, mo wọ ìbọ̀wọ́ tuntun tí mo fi ń wa kẹ̀kẹ́, mo débẹ̀. Kí ni mo rí? Okùn pupa òun funfun, èyí tí wọ́n fi ń dí ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi dí ọ̀nà mi. Adéwọlé dúró tì í. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ohun tí wọn ò bá tíì fi ẹrù dán wò, èèyàn kì í gorí ẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹ dán an wò, kí lẹ fẹ́ fi dán an wò? Gààrí! Àpò gààrí méjì tí wọ́n fẹ́ fi tẹ̀bà lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé mi sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n gbé gààrí jókòó sínú kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n gba ìborùn mi, wọ́n fi so ó kó má baà já, wọ́n wá tì í gorí ráǹpù. Alága, gààrí wọlé. Wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún gààrí. Èmi wà lórí bẹ́ńṣì nínú oòrùn, mo ń wo gààrí tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ mi, tó lo ìborùn mi, tó ń gba ọ̀nà mi wọlé bí ìyàwó tuntun.

Mo ní ó tó, ó kàn mí. Adéwọlé ní ráǹpù yẹn dára gan-an, ó yege, ṣùgbọ́n ẹrù ló wà fún. Ó ní, "Mọ́mì, bí gààrí bá dà sílẹ̀, a ó gbá a. Ẹ̀yin ni àgbà wa, a ò lè máa wò yín." Fèrè dún. Wọ́n dá mi padà sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ pọ̀, wọ́n wá, ẹ dì mí mú o, wọ́n gbé mi gba orí ráǹpù! Wọ́n gbé mi! Gba orí ráǹpù! Táyà mi ń yí lófuurufú lókè ibi tí wọ́n kọ́ fún táyà. Mo nawọ́ pé kí n kàn fọwọ́ kan irin Augustine, Adéwọlé ní kí n kó ọwọ́ mi wọlé, ìka mi lè há.

Mo ní Nímọ́tà, sùúrù. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Yétúndé igbákejì yín ló ń darí ẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ ráǹpù. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ Adéwọlé, pé òun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí á máa tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yan èèyàn márùn-ún, ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kò sí èyí tí kì í rìn nínú wọn. Mo nawọ́ sókè. Yétúndé ní kí n sinmi, pé àwọn ti bá mi sọ ọ́. Kí ni wọ́n bá mi sọ? Mi ò tíì lanu!

Inú bí mi. Inú bí mi, ó tún wá dùn mọ́ mi pé inú bí mi, torí mo rántí pé mo ti ní ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo ti ń retí láti ọdún tó kọjá, ó dé. Mo ní, ó tó gẹ́ẹ́, mi ò ṣe mọ́. Mo gbọn gèlè mi, mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mò ń lọ, Alága, ẹ̀ bá wà níbẹ̀ kí ẹ rí mi, mò ń lọ bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, mo dé ẹnu ọ̀nà, ó kù kí n bọ́ sórí ráǹpù. Jẹnẹrétọ̀! Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ sáàárín ẹ̀ nígbà tí a wà nínú ilé, wọ́n to páálí móòtì tì í, ẹrù ṣáà ló wà fún. Kí n tó pariwo pé kí wọ́n gbé e kúrò, mo gbọ́ fèrè lẹ́yìn mi.

Wọ́n gbé mi tìbínú tìbínú. Ọkùnrin mẹ́fà gbé obìnrin tó ń jà, wọ́n ń gba àtẹ̀gùn méjèèje sọ̀kalẹ̀, mò ń bú wọn lókè, Adéwọlé ń ka àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Mo ní ẹ̀yin aláìlójútì, ó ní ẹẹ́ta. Mo ní kò ní dáa fún yín, ó ní ẹ rọra, ìkẹrin ti ya. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ bá gbé orin, wọ́n rò pé ibi pàtàkì kan ni mò ń lọ, wọ́n ń jó tẹ̀lé wa. Ibinabo, obìnrin Kalabari tó ń yan bọ̀lì àti ẹja ní òdìkejì títì, ó rí ọkùnrin mẹ́fà tó gbé nǹkan lé èjìká, orin ń tẹ̀lé wọn, ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ké pé, "Who die?" Mo ní, "Ibinabo, na me!" Ó tún wá ké ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n gbé mi kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bá mi tún gèlè mi ṣe, gèlè tí mo fi ìbínú gbọ̀n! Adéwọlé kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹrù gúnlẹ̀ láyọ̀, kò sẹ́ni tó fara pa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, wọ́n padà wọlé lọ jẹ gààrí yẹn. Nírọ̀lẹ́, ó pè mí lórí fóònù pé ṣé mo gbádùn ráǹpù mi.

Ta ni kí n wá bú? Ẹ sọ fún mi. Bí èèyàn burúkú bá ṣe mí, mo mọ ibi tí màá kọjú ìjà sí. Èèyàn dáadáa ló ṣe mí báyìí, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ń dùn mí, Alága. Ẹ má wò ó pé ẹ̀rín ń pa yín, ó ń dùn mí gan-an.

Ó dáa, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Màá wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mú bírò yín, ẹ kọ ọ́ kó má baà di pé ẹ gbàgbé. Kí jẹnẹrétọ̀ kúrò lójú ọ̀nà mi. Kí wọ́n gba fèrè lẹ́nu Adéwọlé. Màá dá gun ráǹpù yẹn, tí mo bá ń laágùn, òógùn mi ni, kí ẹnikẹ́ni má bá mi nù ún. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ètò ìpàdé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá: Ìyáàfin Adéyanjú yóò bínú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, báyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Màá bínú, màá yí kẹ̀kẹ́ mi, màá gba ráǹpù mi sọ̀kalẹ̀, màá kọjá níwájú Ibinabo kó rí i pé mo wà láyé, màá máa lọ sílé mi. Kí ẹnikẹ́ni má kọrin. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀ mí, ẹ sáré tẹ̀lé mi dé títì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Ẹ ti ń lọ? Ẹ ṣé, ẹ kí ìyàwó. Alága. Alága Akínbíyìí! Kí ni ọwọ́ yín ń wá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi? Ṣọ́ọ̀bù mi la wà, ibo lẹ fẹ́ tì mí lọ? Hà! Ọlọ́run mi o! Ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ yín débẹ̀? Ẹ gbé e kúrò, ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀rín kú.

Kí lẹ ní? Pé kí ni màá máa bínú sí lọ́jọ́ náà? Ìyẹn ò le rárá. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ṣèpàdé yín, màá rí i níbẹ̀.