Takisí Alága ní Adakpamé

Lásìkò tí gbogbo Lomé daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjọba tiwa-n-tiwa, oníwáyà mọ́tò kan ní àdúgbò Adakpamé ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn géètì tó tì pa. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró de bátìrì mi tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ òun àti awakọ̀ takisí kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló so ampilifáyà tó ń mú rédíò pariwo yìí fún yín?"

"Èmi ni. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi oníwáyà ṣe."

"Ara rédíò ló yẹ kí wáyà tín-ín-rín yìí wà, kí ampilifáyà lè kú tí rédíò bá kú. Ẹ̀yin so ó mọ́ bátìrì tààrà. Kì í sùn. Òun ló ń fa bátìrì yín gbẹ."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà ò ti ṣiṣẹ́."

"Ẹ ò sì tètè wá?"

"Ọjọ́ tó kọ̀ gan-an ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ará àdúgbò rí i nílẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin ni mí, pé owó èrò ò mú mi ta ẹ̀tọ́ wa. Mo dákẹ́. Wọ́n bá fi mí ṣe alága àwọn awakọ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdájí òní lèmi àti ìyàwó mi tì í wá, kí wọ́n tó jí. Ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín bọ̀ lọ́nà."

Oníwáyà tún wáyà náà so, ó gbé bátìrì mìíràn sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún, orin sípíkà ńlá inú búùtù sì mi géètì tìtì.

Awakọ̀ náà sáré dé ojú fèrèsé ọkọ̀. "Jọ̀ọ́, pa á," ó ní. "Alága ni mí."