Kọ́kọ́rọ́ Tí Àlàájà Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ ò tíì pariwo o. Ẹ gbé E ga kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjàgún!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá Tọ́lá fi sílẹ̀ kó tó kú ni mo ń wà. Òun ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá fún àwọn tó ń yan gàrí. Bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá lọ, oúnjẹ èmi àtọmọ mẹ́ta lọ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú, odò tó dábùú ọ̀nà oko kún. Àlàájà tó ni ẹ̀gẹ́ jókòó tì mí níwájú. Ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ wò ó ná." Èmi akin obìnrin! Èmi tí mo ti da òróró àdúrà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀! Mo ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", mo tẹná mọ́ ọkọ̀, ó di inú odò.

Yéè! Omi fò bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì fà á mu, ọkọ̀ kú sáàárín odò. Mo kígbe, "Ẹ́ńjìnnì, jí lórúkọ Jésù!" Bí mo ṣe nawọ́ kí n sitáàtì ẹ̀, Àlàájà gbá ọwọ́ mi dànù, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó jù ú sínú báàgì ẹ̀. Ó ní, "Dírẹ́bà lọkọ tèmi náà. Bómi bá ti wọ ẹ́ńjìnnì, wọn kì í sitáàtì ẹ̀."

Ará, mo bínú! Mo ní, "Àlàájà, ṣé ẹ fẹ́ bá Ọlọ́run mi jà ni?" Ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi." Mo sunkún títí katakata àwọn ará oko fi fà wá jáde.

Mẹkáníìkì dé, ó tú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó yí ẹ́ńjìnnì. Omi tú jáde fùù! Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó tò ó padà, ẹ́ńjìnnì dáhùn! Ó ní ká ní mo sitáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú odò, àwọn irin inú ẹ̀ ì bá ti tẹ̀, orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù ni ǹ bá gbé e lọ.

Ní báyìí, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fi igi wọn omi. Tó bá ju ìdajì táyà lọ, mo padà nìyẹn. Tí ò bá jù bẹ́ẹ̀, màá fi tapólì bo iwájú ọkọ̀, màá tú bẹ́líìtì fáànù kó má baà fọ́n omi sára ẹ́ńjìnnì, màá rọra máa lọ láìdúró. Mo ṣì ń ké Ẹ̀jẹ̀ Jésù o, ṣùgbọ́n mo ti wọn omi ná.

Ará, mo ní kí Olúwa jí ẹ́ńjìnnì mi lójú ẹsẹ̀, Ó kọ̀ jálẹ̀! Ká ní Ó gbà fún mi ni, ẹkún ni ǹ bá máa sun níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé Ọlọ́run ò dá yín lóhùn, ẹ wò mí dáadáa!

Ọkọ̀ yẹn ló wà níta yẹn. Àlàájà fúnra ẹ̀ ló jókòó síwájú ẹ̀. Ó ní òun ò ní wọlé, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ Halelúyà tí ẹ máa ṣe fún mi. Ó yá, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ!