Tíì Ìyá Mi Tí Ẹ Gbé Sílẹ̀

Rárá o, ọ̀gá alátáyà, ẹ má tíì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹ jáde síbí kí ẹ wò mí lójú, nítorí pé ọ̀rọ̀ táyà kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, táyà lè wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la bó bá wù ú, ọ̀rọ̀ ife tí ẹ gbé ka orí òkìtì táyà àlòkù yẹn ni. Ẹ wò ó. Eṣinṣin ti kó sínú rẹ̀. Tíì gbígbóná tí wọ́n fi wàrà àti atalẹ̀ sè, tí ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn bù fún yín, ẹ gbà á, ẹ gbé e dé ẹnu, ètè yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ wá bi wọ́n pé abúlé wo ni wọ́n ti wá, wọ́n ní Lunasar, ẹ sì gbé ife sílẹ̀ bí ẹni tó rí aláǹgbá nínú rẹ̀! Ẹ ò ní ẹ ṣeun. Ẹ ò ní mi ò mu. Ẹ kàn yí orí padà, ẹ mú jáàkì, ó di abẹ́ ọkọ̀.

Kí lẹ ń mi orí sí? Irọ́ ni mo pa? Níbí yìí ni mo dúró sí, n kò jìnnà sí yín ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, mo sì rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra.

Ó rẹ̀ mí, ọ̀gá. Ẹ má rò pé ìbínú ló mú ohùn mi le, àárẹ̀ ni. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí bọ̀ láti Ajmer, ẹ̀yìn ń ro mí, eruku ti kún etí mi, ó sì ku kílómítà méjìlélógójì péré kí a dé etí òkun ní Mandvi, táyà wá fọ́. Mo fara mọ́ ìyẹn. Táyà ò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá mi lábẹ́ igi yẹn, lórí ibùsùn onókùn yín, wọ́n ti fa ìborí bo ojú dé àgbọ̀n, gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n sì bá mi sọ láti ìgbà tí ẹ ti gbé ife sílẹ̀ ni pé, "Hemlata, yí ọkọ̀ padà, ká máa lọ sílé. Èyí tí mo rí ti tó mi." Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí kò tíì fojú kan òkun rí, tó ti dé ibi tí iyọ̀ ti ń rùn nínú afẹ́fẹ́, ló ní kí n yí ọkọ̀ padà!

Ìsinmi wa àkọ́kọ́ nìyí, kó yé yín. Bàbá mi tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe tíṣà, a ò sì lọ ibì kankan rí àfi ibi ìgbéyàwó àti ibi òkú. Èmi ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, mo wá jókòó, mo ṣírò ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi níbi iṣẹ́: méjì ní àlọ, mẹ́rin létí òkun, méjì ní àbọ̀. Ó pé régí. Ta ló sọ fún mi pé bàbá mi ti fi ìwé tiwọn sápò?

Orúkọ ilé méje ló wà nínú ìwé náà. Ilé ẹbí méje! "Báwo la ṣe máa gba ìlú wọn kọjá ká má yà? Kí ni wọ́n máa pè wá?" Ilé ẹ̀gbọ́n, ilé àbúrò, ilé ẹnì kan tó fẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ ìbátan ẹnì kan, n kò tíì rí bí mo ṣe máa ṣírò ìyẹn títí di òní. Ní Pali, nílé àbúrò bàbá mi obìnrin, àárọ̀ la dé, ìrọ̀lẹ́ la kúrò, oòrùn ń yan wá nínú ilé, bàbá mi ò sì fẹnu kan omi! Ẹ̀yin náà mọ àṣà ọ̀hún, pé ọkùnrin kì í jẹ, kì í mu, nílé tí wọ́n fi arábìnrin rẹ̀ fọ́kọ sí, kó má dà bí ẹni pé ó ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ti fi fúnni. Ètè wọn gbẹ bí èèpo igi. Mo ní, "Bàbá, omi lásán!" Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé. Ìgbà tí a bọ́ sójú títì ni mo tó rí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì mu omi bí ràkúnmí. Ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, ọ̀gá, lára mẹ́jọ. Òní ni ọjọ́ kẹfà. Bí a ò bá rí òkun lónìí, àfẹ̀mọ́jú ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ kọrí sílé.

Nínú ilé méjèèje, ẹyọ kan ò jẹ́ ti ìyá mi. Wọn ò ní ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní àbúrò, àwọn nìkan ni wọ́n bí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ ilé ọkọ, nígbà tó tó àkókò tí arákùnrin ìyá ìyàwó máa ń wọlé wá da aṣọ bo arábìnrin rẹ̀ lójú gbogbo èrò, ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àṣà ṣe ní kí wọ́n dúró, ẹnì kankan ò wá. Wọ́n ní èéfín ló kó sáwọn lójú. Wọn ò dá iná kankan níbẹ̀ o.

Kí sì ni ìyá mi ń béèrè lọ́wọ́ ìrìn àjò yìí? Fèrèsé ọkọ̀ ni gbogbo ìsinmi wọn. Wọ́n rí onígbàjámọ̀ tó fi ìṣó kan jígí mọ́ ara igi, tó ń fá àgbọ̀n oníbàárà rẹ̀ bí ẹni pé ààfin ni abẹ́ igi náà. Wọ́n rí màlúù tó sùn sáàárín títì tí àwọn tírélà ń yà fún. Wọ́n rí bàbá kan tó ń fún omi ìrèké, tó so ṣaworo mọ́ ẹ̀rọ kó lè máa dún bó ti ń yí. "Hemlata, wò ó! Hemlata, rọra!" Bàbá mi á ní kí n sáré, pé ilé kan ti ń retí wa. Ẹ̀pà, ọ̀gá, ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú yanrìn gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà, ni wọ́n ní ká dúró rà láti ọjọ́ kejì. A ò tíì dúró.

Nítorí náà, nígbà tí táyà fọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, inú ìyá mi dùn. Àwọn nìkan ni inú wọn dùn. A dúró níbi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni! Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wo àwọn táyà tí ẹ kùn ní ọ̀dà funfun, wọ́n wo ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata tútù tí ẹ fi okùn so sókè ẹnu ọ̀nà láti lé ibi sá, wọ́n ṣí fúláàsì, wọ́n ní, "Oòrùn ń pa ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mu nǹkan." Láti ọjọ́ mẹ́fà, òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ìyá mi fún ẹnì kan tí bàbá mi ò yàn fún wọn.

Ẹ wá ń bi wọ́n ní abúlé! Ṣé ẹ rò pé n kò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń béèrè abúlé ni? Abúlé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó di orúkọ bàbá, ó di iṣẹ́ tí bàbá bàbá ṣe, nígbà tó bá dé orí awọ àti bàtà, iṣẹ́ àwọn baba wa tí wọ́n kà sí èérí, ife á kúrò lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí bàbá mi fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ife tiwọn dá wà lórí ìṣó tirẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Ìṣó karùn-ún láti apá òsì. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo kà á. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé òùngbẹ ò gbẹ yín.

Kí lẹ wí? Ẹ gbóhùn sókè, tírélà yẹn ò jẹ́ kí n gbọ́.

Ẹ ní Lunasar ni wọ́n ti bí ẹ̀yin náà, pé ojú ìyá mi ló jọ ojú tí ẹ mọ̀ tí ẹ fi béèrè.

Háà, ọ̀gá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti inú yanrìn Lunasar wá sí etí òkun, kí lẹ ń wá? Ẹ ní ọ̀dá ló lé yín, pé ẹ bá tírélà kan wá ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni mo fẹ́. Ọmọ ta ni yín? Ọmọ amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn kànga. Amọ̀kòkò wà ní gbogbo abúlé, kànga náà sì wà ní gbogbo abúlé, ìyẹn ò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Igi mélòó ló wà níwájú ilé ìyá mi? Irọ́! Méjì ni, mo fojú mi rí i. Ẹ ní ẹ̀kẹta wó kí wọ́n tó bí mi? N kò lè yẹ ìyẹn wò. Ó dáa, kí ni wọ́n ń pe ìyá mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré?

Ẹ tún un sọ.

Àparò.

Ta ló sọ fún yín? Ìyá àgbà, ìyá tó bí wọn, nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń tẹrí sáré gba inú oko kọjá. Bàbá mi gan-an ò mọ̀ ọ́n! Ẹ ní ohùn ìyá àgbà máa ń dé ìdí ìkòkò yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pé, "Àparò, wálé!"

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí táyà yìí ná.

Ọmọbìnrin abúlé yín ni wọ́n, nítorí náà, lójú àṣà wa, àbúrò yín ni wọ́n, wàrà inú fúláàsì sì ti inú ilé ọkọ wọn wá. Ẹ ò lè mu ún. Bí bàbá mi ní Pali! Gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ní Pali, àní ẹnu yìí kan náà ni mo fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú mi ò sì rí i.

Ìbéèrè kan ṣì kù, kí ẹ má bínú. Ní Lunasar, ṣé kànga kan náà ni ẹ̀yin amọ̀kòkò àti àwọn ará ilé ìyá mi ń pọn? Ẹ tún bojú wo jáàkì. Mo gbọ́. Èyí tí mo rò náà ni, kànga ọ̀tọ̀ ni. N ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òní, n kò gbàgbé rẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ife sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ń fi apá nu ojú. Ẹ ní epo ọkọ̀ ló kó sí yín lójú. Èéfín fún ìyá mi, epo ọkọ̀ fún yín, ẹ̀yin ará Lunasar yìí!

Ẹ lọ bá wọn. Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ máa ṣàlàyé fún. Kí lẹ tún ń wá nínú àpótí yẹn? Aṣọ? Ìborí pupa, ó ṣì wà nínú ọ̀rá, èyí tí ẹ rà de ìyàwó yín. Ẹ̀gbọ́n... Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ yín. Màmá! Màmá, ẹ ṣíjú, ará Lunasar ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó mọ orúkọ tí ìyá àgbà ń pè yín!

Ẹ wá wò ó, Bàbá, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ó ti dà á bò wọ́n. Ẹ gbọ́ ẹ̀rín Màmá! Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ilé kẹjọ, ti Màmá ni.

Rárá. Rárá o, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀. A ò tíì lọ jẹun nílé yín. Ìyàwó yín ti ń po ìyẹ̀fun? Ta ló sọ fún un? Bàbá! Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe gba nọ́ńbà ìyàwó wọn, kí ẹ lè pè é? Ẹ wo oòrùn, kò ju wákàtí méjì lọ mọ́ kó wọ̀. Ẹ de táyà yẹn mọ́ ibẹ̀ kó le, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọkọ̀, ẹ jókòó ti àbúrò yín. Ẹ ti gbé nítòsí òkun fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yin lẹ máa fi òkun hàn wọ́n. A máa dúró ra ẹ̀pà, ẹni tó bá ní kí n sáré á fẹsẹ̀ rìn. Òkun ṣíwájú, ilé yín tẹ̀lé e. Kí ẹ sì gbé ike omi tiyín dání o, nítorí láti ibí títí dé Mandvi, gbogbo ohun mímu inú ọkọ̀ yìí, ti ilé ọkọ wọn ni. Ohun tó kù fún yín láti mu ni òkun, iyọ̀ sì nìyẹn náà! Háà, hẹ̀ẹ̀! Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé!