Ọmọ Tó Gba Orí Ẹ̀júkù Kọjá

Ẹ̀yin ará, okun o. Ọlọ́run tí kì í gbójú kúrò lára ọmọ wa ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe dúró yìí, ara mi kò tíì balẹ̀ tán. Bí mo bá ń sáré sọ̀rọ̀, ẹ mú un mọ́ra.

Ẹ mọ Tóyìn, ọmọbìnrin mi tó wà l'Ékòó. Oyún àkọ́kọ́ ló ní, ó sì fẹ́ wá bímọ lọ́dọ̀ mi ní Kabba níbí. Mo ní kí aboyún má jókòó sínú mọ́tò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí kòtò. Mo ní kó wọ bàálù lọ sí Abùjá, kí Dàre ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mọ́tò gbé e wálé. Dàre ti sọ pé nǹkan bíi wákàtí kan ni bàálù ń lò láti Èkó dé Abùjá. Ọ̀nà Abùjá sí Kabba nìkan jù ú lọ dáadáa.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ìlú-ìlú ni. Ọmọ á pè pé òun ti dé Orè, a ó fi Orè sílẹ̀, a ó máa bẹ Ọlọ́run sí Àkúrẹ́. Ó bá dé Àkúrẹ́, a ó kọjú sí Ìkàrẹ́. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Ẹ̀júkù, ìlú bàbá mi, nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, Tóyìn pè pé òun ti wọ bàálù, ó pa fóònù, ó tán. Mo kúnlẹ̀, mi ò rí ìlú kankan dárúkọ. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo gbé iṣu kaná, mo gbàgbé omi.

Wákàtí kan kọjá. Dàre pè láti ẹ́pọ́ọ̀tù pé bàálù kò tíì dé, eruku ọyẹ́ ti bo Abùjá, wọn ò rí ilẹ̀ bà sí. Ṣebí èmi ni mo ní kó wọ̀ ọ́. Mo ń rìn káàkiri àgbàlá. Bàbá Tóyìn ní kí n jókòó, mo kanra mọ́ ọn. Mo tún pe Dàre, mo ní kó sáà sọ ìlú tó wà lábẹ́ bàálù yẹn fún mi.

Ó ní, "Màmá, ọ̀nà Yàgbà ni wọ́n ń gbà. Ó lè ti kọjá lórí Ẹ̀júkù."

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ mi gba orí ilé bàbá mi kọjá, ó fi wá sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń lọ Abùjá, kó tó wá wọ mọ́tò padà wá bá wa! Mi ò rí i bí ẹ̀rín nígbà yẹn. Mo ti rí ìlú, mo ti rí ibi tí mo máa dì mú. Mo ní Olúwa, Ẹ̀júkù lo ti mọ̀ mí, lókè Ẹ̀júkù ni kí o ti di ọmọ mi mú. Mo pe orúkọ ìlú yẹn títí ohùn mi fi há.

Fóònù dún. Tóyìn ni. Mo bi í bóyá Dàre ti rí i.

"Màmá, Èkó ni mo wà. Wọn ò lè balẹ̀ l'Ábùjá, wọ́n dá wa padà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Kò wá sí Kabba mọ́. Àárọ̀ àná ló bímọ, l'Ékòó níbẹ̀, ọkùnrin, wẹ́rẹ́.

Àwọn ẹlòmíì ń dúpẹ́ pé ọmọ wọn dé ibi tó ń lọ. Tèmi kò débì kankan, òun ni mo ṣe wá jó. Ẹni tó bá ti dúró de fóònù ọmọ rí, kó dìde bá mi fògo fún Ọlọ́run.