Òjé Inú Àgbàlá Wa

Ṣadé, fi ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ, ẹ jókòó. Erùpẹ̀ tí ẹ fẹ́ bù lọ fi ṣe ìwádìí, kò ní sá lọ. Ó ti ń bá wa gbé tipẹ́.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi tiyín yìí, ilé-iṣẹ́ kan wà nítòsí ojú irin Àgbàdo tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Wọ́n á gba òjé inú rẹ̀, wọ́n á da pàǹtí dúdú tó kù síta. Ọ̀fẹ́ ni. Lónìí, omi pàápàá, inú ọ̀rá lẹ ti ń rà á. Ṣé ẹ rí i pé ayé tiwa dùn?

Àgbàlá wa máa ń di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ìyá mi, ìyá bàbá rẹ nìyẹn, Ṣadé, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìdàrọ́ tó máa ń jáde lára irin nínú iná, wọ́n máa ń fi í sí àgbo ọmọ nílé bàbá wọn. Wọ́n wo pàǹtí bátìrì, dúdú ni, ó le, ó ní ihò. Màámi ní, “Ìdàrọ́ kì í pa ọmọ alágbẹ̀dẹ.” Bárò mélòó ni mo fi kó o wá dà sí àgbàlá? Mi ò mọ̀. Àgbàlá gbẹ. Ìyábọ̀, àbígbẹ̀yìn wa, ń rákò lórí rẹ̀, ó ń lá ọwọ́.

Ẹ gbọ́… Mo dé Pólì, mo bu díẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Báwo ni òjé tó ṣì kù nínú pàǹtí náà ṣe pọ̀ tó? Ó pọ̀. Olùkọ́ mi ní, “Orí ìṣúra lẹ ń gbé nílé yín.” Mo wọ táì tí mo yá, mo ṣàlàyé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pé òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó wà nínú ìwé náà, orí kejì. Inú ìwé ẹlòmíràn ni mo ti dà á kọ.

Mo délé, ìyá mi bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní òjé ni. Wọ́n ní, “Ṣé ó dáa?”

Mo ní, “Ó dáa gan-an, Màámi. Ó pọ̀.”

Ìyábọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, kò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e káàkiri àgọ́ àdúrà ojú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn wòlíì ní iṣẹ́ àjẹ́ ni. Ìyá mi fura sí ìyàwó àbúrò bàbá mi títí wọ́n fi kú. Èmi náà bá wọn ṣe àmín… mo ti mọ̀ nígbà náà o.

Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìyábọ̀ nìyẹn, àǹtí rẹ, Ṣadé. Títí dòní, èmi ni mo ń bá a ró ìró.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Ẹ̀rọ tiyín á wọn òjé ju tèmi lọ, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀yin náà. Ọ̀rá kékeré lẹ mú wá, mo rí i.

Ó yá, ẹ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ.