Ẹ̀wù Iṣẹ́ Tí Mo Jókòó Lé

Kó àwọn gáùn yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ mi. O gbé mẹ́ta kọ́ síbẹ̀ pé kí n yan èyí tí wọ́n máa fi sin mí, bíi pé òde ni mò ń lọ. Mi ò yan ìkankan. Jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, òní ni mo fẹ́ tú u jáde, torí dókítà ò fi bò fún mi mọ́ pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu o. Tí o bá fi lè sọ pé "Màámi, ẹ sinmi," mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ojo ni mí. Ẹnu mi nìkan ló le, o ṣáà mọ̀ mí.

O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ìyá Ìmúra. Mo gbádùn orúkọ yẹn, kí n má parọ́. Èmi ni ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ, èmi náà ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí mò ń wo gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin tó bá so yẹtí gbọọrọ máa yọ ọ́. Ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ bá fẹ̀ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi: "Ṣé ẹ̀rọ lo fẹ́ fẹ́ ni, tí o fi múra báyìí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ẹ̀wù búlúù gígùn tí ọwọ́ rẹ̀ fún pinpin. Tí òde ìrọ̀lẹ́ bá sì wà, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ń sáré wá. "Ìyá Ìmúra, ṣé bàtà yìí bá a mu? Ṣé aṣọ yìí ò fún jù?" Tí mo bá ti ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni mo fi ba ayé ìyá rẹ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí àbúrò mi gbé e níyàwó. Ó ń pè mí ní Àǹtí mi, èmi náà ń pè é ní ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ó sì mọ aṣọ wọ̀, ìyẹn gan-an ló ká mi lára. Àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a pé kó bá àwọn wo aṣọ òde àwọn. Wọ́n á rò pé mi ò rí wọn. Èmi àgbàlagbà, mò ń jowú ìyàwó àbúrò mi nítorí aṣọ! Wo ìranù.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, ọ̀gá tó ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ ṣe àsè ìrọ̀lẹ́ fún àwa òṣìṣẹ́ àti àwọn oníbàárà ní gbọ̀ngàn tó wà lódìkejì títì. A tètè palẹ̀ iṣẹ́ mọ́, gbogbo wọn pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì sọdá. Ó ku èmi àti ìyá rẹ nínú yàrá ẹ̀rọ, àti mẹkáníìkì wa, Bàbá Gírísì, tó ń fọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo wọ gáùn àrán tuntun, aláwọ̀ ewé. Ìyá rẹ wọ aṣọ sílíìkì funfun kan báyìí, tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó rẹwà. Mo wò ó, inú mi bà jẹ́. Bí a ṣe fẹ́ jáde ni ọ̀gá ránṣẹ́ pé ìwé ètò tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn àlejò ò kárí, kí a sáré tẹ díẹ̀ sí i.

Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, yíǹkì sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Mo ti rẹ ẹ̀wù iṣẹ́ tèmi sínú omi ọṣẹ, àwọn yòókù sì ti ká tiwọn sínú báàgì lọ. Mo bá fa ti ìyá rẹ lórí ìṣó, mo tẹ́ ẹ sórí àga, mo jókòó lé e. Ó wá dúró níwájú mi. "Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀wù yẹn bo aṣọ mi. Apá rẹ̀ ti fẹ̀ jù." Mo ní, "Kí n dìde kí yíǹkì ba àrán mi jẹ́, torí ìwé bíntín? Ká apá aṣọ sókè, jàre." Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi nímùúra? Àbí wọ́n ti fi ọ́ jẹ Ìyá Ìmúra, tí mi ò gbọ́? Tẹ ìwé, jẹ́ ká máa lọ." Ó ká a sókè. Sílíìkì ò gba kíká. Ó ń yọ̀ wálẹ̀, ó ń tún un ká, ó ń yọ̀ wálẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Mo mú dígí jáde nínú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètè mi kùn.

Ẹ̀rọ fa apá aṣọ náà wọlé, ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò ní sọ bí igbe yẹn ṣe rí. Bàbá Gírísì ló sáré wọlé tó pa ẹ̀rọ, òun ló gbé e jáde. Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń sáré sọdá títì bọ̀. Mo wo ẹ̀wù iṣẹ́ tó wà lórí àga. Mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀, mo sì tún kọ́là rẹ̀ ṣe kó lè dúró dáadáa. Ṣé o gbọ́? Ìyá rẹ ń ké níta, èmi ń tún kọ́là ṣe. Ọ̀gá wọlé, ó ní, "Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ dà?" Mo nawọ́ sí ìṣó. "Òun nìyẹn, sà. Mo sọ ọ́ títí kó wọ̀ ọ́. Ó ní kò ní jẹ́ kí aṣọ òde òun hàn."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà lọ, torí ọ̀gá ní ẹni tó fi aṣọ òde dúró ti ẹ̀rọ ló ṣe ara rẹ̀ léṣe. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fi ọwọ́ tó kù di aṣọ mi mú. "Àǹtí mi, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e. Ẹ ṣáà sọ fún wọn." Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ìrora ló ń dà á láàmú." Bàbá rẹ gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lè purọ́ nípa nǹkan mìíràn. Kì í ṣe nípa aṣọ." Nígbà tí ìyá rẹ ò yéé sọ ọ́, bàbá rẹ ní òun ò lè bá obìnrin tó ń ba ẹ̀gbọ́n òun lórúkọ jẹ́ gbé. Ó lé e jáde, ó sì mú ọ wá sọ́dọ̀ mi. O ò tíì mọ bí a ṣe ń de bọ́tìnnì nígbà yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní aṣọ iṣẹ́, mo kọ́ ọ ní aṣọ òde, mo sì kọ́ ọ pé fáàrí ló gé ìyá rẹ lọ́wọ́.

Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ kọ́là yẹn ló burú jù. Irọ́ ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ wá sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn nírọ̀lẹ́ yẹn, pẹ̀lú aṣọ tó ti ṣá, ó fi pín-ìnnì de apá aṣọ tí kò ní ọwọ́ nínú. O sáré wá bá mi. "Màámi, ṣé kí n jẹ́ kí obìnrin yẹn wọlé?" Ojú rẹ fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí ìyẹn náà. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, mo ní, "Aṣọ yẹn ò bá òde ìrọ̀lẹ́ mu." O ní kí wọ́n dá a padà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn yí padà ni, ó ń lọ.

Bàbá rẹ kú, irọ́ mi wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ òótọ́ fún Bàbá Gírísì, mo sì rán an sí ìyá rẹ pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ, ó ń fi eyín di etí aṣọ náà mú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé òpin. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ọmọ tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ti dàgbà láìsí mi." Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Bàbá Gírísì jẹ́ iṣẹ́ yìí fún mi tán, ó ní òun ò ní wá kí mi mọ́.

Ìwọ náà ti fa ọwọ́ rẹ kúrò lọ́wọ́ mi. Mo rí i. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ò mọ ohun tó kù tí ìdáríjì lè tún ṣe. Dìde, máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ pé ó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ o. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ tí mi ò mọ aṣọ tó yẹ kó wọ̀ débẹ̀. Ibi tí ò ń lọ yìí, má bi mí. Mi ò mọ̀ ọ́n.