Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Ilẹ̀kùn

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, èmi ni mo ń wa irú ọkọ̀ tí ẹ rí ní ìdíkọ̀ Command láàárọ̀ yìí. Èyí tí tírélà gbé kọjá, tí ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi méjèèjì ń fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀. Wàsíù ń pè é ní tánkì. Kì í ṣe tánkì, jàre. Tánkì ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn. Tiwa ń fi táyà rìn, táyà mẹ́fà, ó sì wà fún kíkó ṣọ́jà. Ọkọ̀ èrò ni, ẹ gbọ́, àfi pé irin líle ni wọ́n fi bò ó.

Táyà mẹ́fà yẹn nídìí. Bí ọ̀kan bá lọ, márùn-ún á gbé e. Bí méjì bá lọ, ẹ ó ṣì dé ibi tí ẹ ń lọ. Abẹ́ ẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti ọkọ̀ yín. Ó rí ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí nǹkan tó bá bú láti ilẹ̀ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣe é ronú. Fèrèsé ńkọ́? Kò sí. Ihò tóóró kan báyìí ni mo fi ń wo ọ̀nà. Ooru inú ẹ̀… ha! Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo tí iná bá lọ fún wákàtí kan.

Ẹ̀yìn mi làwọn ṣọ́jà ń jókòó sí. Bẹ́ńṣì méjì, wọ́n á kọjú síra wọn, orúnkún á máa gbá orúnkún. Èmi ní ihò tèmi lókè orí, mo lè gba ibẹ̀ jáde. Àwọn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, ó wà lẹ́yìn pátápátá. Torí ẹ̀ ni a ṣe ń fi ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òun ló máa ṣí i, òun ló máa kọ́kọ́ fò sílẹ̀, káwọn tó kù tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa.

Nínú ọkọ̀ tèmi, Gàníyù ló ni ìjókòó yẹn. Ọmọ Ìbàdàn. Ó lè sáré! Orílẹ̀-èdè òkèèrè kan ni wọ́n rán wa lọ, ká lọ bá wọn parí ìjà. Lọ́jọ́ kan, Sájẹ́ǹtì Àlàbí ní òun máa bá wa jáde. Àgbà ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, orúnkún ti ń dà á láàmú. Ó wá bọ́ sí i pé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Bí àgbà ṣe wọlé, kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Gàníyù dìde. "Bàbá, ẹ jókòó síbí. Atẹ́gùn díẹ̀ ń wọlé níbí." Òun wá wọnú lọ, sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi, níbi tó gbóná jù.

Mo rí i. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀, èmi ni mo ń sọ ibi tí kálukú máa jókòó sí. Ó yẹ kí n ní rárá. Ṣé ẹ mọ nǹkan tí mo sọ? Mo ní, "Gàníyù, wọ́n kọ́ ẹ nílé." Ó rẹ́rìn-ín.

A ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan bú lábẹ́ táyà iwájú. Gbàmù! Táyà fò lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, kò sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbiná, èéfín sì ń wọlé sọ́dọ̀ wọn. Mo gba orí ọkọ̀ jáde, mo sáré lọ sẹ́yìn. Mo rò pé màá bá wọn nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Orúnkún Bàbá ti há. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nà gbalaja dí ọ̀nà, ó ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn nínú èéfín, kò rí i. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta: "Ẹ ré mi kọjá! Ẹ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀!" Ta ló máa ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá? Láti kékeré ni ìyá kálukú ti ń gbá a létí torí ẹ̀. Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń ní, "Ẹ rọra dìde, Bàbá…" Wọ́n ń dúró dè é. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn ronú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àwa la máa jókòó sínú ẹ̀.

Mo ṣí i láti ìta. Mo fa Bàbá sílẹ̀. Àwọn tó kù ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹnì kan. Nígbà tá a máa fi gbé Gàníyù jáde, kò mí mọ́.

Lẹ́yìn tá a fẹ̀yìn tì, Àlàbí máa ń wá kí mi nígbà tí mò ń gbé ní Ìdímù. Kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ọmọ yẹn bọ̀wọ̀ fún mi ni." Títí tó fi kú, mi ò sọ fún un pé mo yin Gàníyù. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóde òní, wọn kì í dìde fún àgbà nínú ọkọ̀ mọ́. Ní Ẹ̀gbẹ́dá níjọ́sí, mo wà lórí ìdúró, ọmọ kan jókòó, ó ń tẹ fóònù. Àwọn èèyàn ń bú u. Èmi ò bú u ṣá.

Ẹ wo ẹsẹ̀ mi tí mo nà sẹ́nu ọ̀nà yìí. Bísọ́lá, láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé lo gbà jáde kó o má baà ré e kọjá. O ṣeun. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ nílé yìí, ẹ tẹ ẹsẹ̀ yìí mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jáde. Ṣé ẹ gbọ́?

"Ká má rí i, Bàbá" kọ́ ni ìdáhùn. Ó dáa. Wàsíù, dìde. Ré e kọjá, kí n rí i… Mo ní ré e kọjá. Níbo lò ń lọ?

Hmm. Ẹ̀yìnkùlé ló tún gbà.